Orúkọ Ajá Wà Lára Òkúta, Ti Àsúmáù Kò Sí Níbẹ̀

Àsúmáù kú ní ọjọ́ Àtàlátà kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Camberwell, ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún nínú báàgì tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sí. Hameedah ọmọ rẹ̀ yọ ọ́ jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń rán Àsúmáù lọ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ló kọ̀wé sí i: "Ẹ kò yọjú síbi iṣẹ́ lónìí. Ìgbà kẹta rèé. A ti yọ orúkọ yín kúrò."

Wọ́n lé òkú kúrò níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá ẹnì kan ń jẹun lọ́wọ́ tí kò gbọ́ dáadáa: wọ́n lé òkú kúrò níṣẹ́ torí pé kò yọjú.

Ní oṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ yìí kan náà pe àdúgbò jọ. Wọ́n ti ṣe ọgbà òdòdó kékeré kan sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé òkúta dúdú kan sí àárín rẹ̀, wọ́n ní ìrántí àwọn òṣìṣẹ́ àwọn tí kòrónà pa ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí pé lọ́yà wọn pọ̀ ju àga tó wà nílé mi lọ. Ṣùgbọ́n mo lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ ohun tí èmi Kàbírù ṣe. Mo dìde láàárín àwọn èèyàn ńláńlá. Agbádá mi gba gbogbo ojú ọ̀nà. Odindi wákàtí kan ni mo fi sọ̀rọ̀. Òyìnbó ń nu ojú nù, ọ̀gá àgbà wọn ń wá ihò tó máa wọ̀, kódà àwọn ẹyẹlé orí òrùlé dákẹ́, wọ́n ń gbọ́.

Ó dáa. Mo ti bù ú pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí látìgbà tí mo ti ń fọ bọ́ọ̀sì mọ̀ pé tí mo bá ní ẹja tí mo rà gùn tó apá, ìka ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe wákàtí kan. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Agbádá kọ́, jákẹ́ẹ̀tì òjò ni mo wọ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi kò ju "Excuse me" lọ. Obìnrin kan tó mú ife tíì dání rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà ilé ìtọ̀. Mo sì lọ. Kí ni kí n ṣe? Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin kì í kọ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo padà dé, Hameedah dúró níwájú òkúta náà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé àwọn orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ èèyàn mẹ́rin. Lábẹ́ wọn, orúkọ karùn-ún: Biscuit.

"Daddy, ẹ wá ka eléyìí," ó ní; bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pe èmi aládùúgbò ìyá rẹ̀. "That's a dog, you know."

Ajá ni lóòótọ́. Ajá tí wọ́n máa ń mú lọ bẹ àwọn arúgbó wò kí inú wọn lè dùn. Mi ò bá ajá jà. Mo gbọ́ pé oníwà tútù ni, pé ọjọ́ ogbó ló pa á, lórí tìmùtìmù, pẹ̀lú dókítà ẹranko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní irú ikú Biscuit. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀: ta ló buwọ́ lùwé pé òṣìṣẹ́ ni ajá?

Hameedah lọ bá obìnrin oní-tíì yẹn. Òun gan-an ni ọ̀gá wọn. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ibi tí orúkọ Mummy òun wà. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní: "Ìyá yín kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, darling. Ọ̀gá ara wọn ni wọ́n."

Ọmọ yẹn, tí wọ́n bí sí ìlú yìí, tí Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà tí kò bára mu, dáhùn lọ́nà tí èmi tí mo pe ara mi ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò lè dáhùn. Ó ní: "If she was her own boss, ta wá lẹ lé kúrò níṣẹ́?"

Obìnrin náà mu tíì rẹ̀.

Ta ni Àsúmáù? Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Ìjọba. Ohun tí ìjọba bá sọ nírọ̀lẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ilẹ̀ tó mọ́, Àsúmáù ti ń ṣe é. Wọ́n ní ká fi mítà méjì jìnnà síra wa. Ó mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, ó wọn mítà méjì láti ẹnu ọ̀nà mi, ó sì lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń gbé, ìyàwó mi ti jáde láyé tipẹ́, nítorí náà ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, Àsúmáù ló máa ń gbé ìṣínu wá fún mi: ògì gbígbóná nínú fláàsìkì búlúù, àkàrà nínú bébà. Lásìkò kónílé-ó-gbélé, á gbé e sílẹ̀, á kan ilẹ̀kùn, á sì sá lọ sí ìdí àtẹ̀gùn. Á wá pariwo láti ibẹ̀: "Bàbá, ẹ ṣí i wàyí! Ẹ má jáde o, ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ nà!" Èmi á na ẹsẹ̀ jáde. Ẹ̀rín á pa á débi pé àwọn tó wà lókè á máa kan ilẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n pé ká dákẹ́.

Láàárọ̀ kùtù, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Walworth, á wẹ̀ fún ìyá arúgbó kan níbẹ̀. Á tún wọ òmíràn lọ sí East Dulwich, lọ́dọ̀ bàbá Òyìnbó kan, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé ọ̀kan. Bàbá yìí ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àsúmáù kọ́ ọ láti máa sọ pé "ẹ kú iṣẹ́", kò sì gbàgbé ìyẹn rí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìbòmú mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ ń fún un fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìbòmú bébà. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń sá wọn sórí irin tó ń mú yàrá gbóná, bí ẹni sá ẹja. Mo yọ ọ́ lẹ́nu, mo ní, "Ìyá Ìjọba, ṣé o fẹ́ sè wọ́n lọ́bẹ̀ ni?" Òní ni mo wá ń rí i pé àwọn bébà mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti ikú, wọ́n sì ti fúyẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá.

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2021, ìjọba ní kí àwọn tó ń tọ́jú arúgbó tètè wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí wọ́n sì mú lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ wọn dání. Àsúmáù ní kí wọ́n fún òun ní lẹ́tà. Ó pè. Ó kọ ímeèlì. Ó lọ fúnra rẹ̀, ó dúró sínú òjò, torí pé wọn kì í gba èèyàn wọlé nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Láti ìdí àtẹ̀gùn ló ti pè mí.

"Bàbá, ẹ bá mi yọ̀ o. Wọ́n ní èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn. Wọ́n ní ọ̀gá ara mi ni mí."

"Madam! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wáṣẹ́!"

"Ẹ ṣeun. Ọ̀gá tó ń nu ìdí fún àgbàlagbà."

A rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì. Mo bi yín: lẹ́tà kan, ìlà mẹ́ta, orúkọ àti déètì, kí ló máa gbà lọ́wọ́ wọn? Ẹni tó yẹ kó wà ní iwájú ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ni wọ́n tì sí ẹ̀yìn, kó lọ dúró de ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ máa pè é.

Ọjọ́ orí rẹ̀ wá pè é nínú ààwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣọ́ọ̀bù Adébánjí ni, ní Rye Lane, níbi tó ti ń ta gààrí àti iṣu. Ìjọba ní ká má jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà a kì í jókòó. A máa ń dúró. Ìdúró náà máa ń tó wákàtí méjì. Àsúmáù wọlé láti ibi iṣẹ́, ìbòmú méjì lẹ́nu, fóònù lọ́wọ́. Dókítà àdúgbò ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: ọjọ́ Àlàmísì, aago méjì ọ̀sán.

"Lèmọ́mù ti ní kò ba ààwẹ̀ jẹ́," ó ní. "Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò kàn balẹ̀ ni. Tó bá gbé mi ṣánlẹ̀ ńkọ́, tí mo sì ní láti mu omi?"

"Ní tiwa," Adébánjí dáhùn láti ẹ̀yìn òṣùwọ̀n rẹ̀, "Pásítọ̀ ní kí kálukú gbàdúrà lé e lórí. Mo ti gbàdúrà. Èsì ni mò ń retí."

"Ìyàwó ẹ ti lọ gbà á ní tiẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni mo wí. "Ó ní kó o máa bá àdúrà lọ."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Magdalene wà níbẹ̀, ó ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Magdalene, ilé kan náà ni èmi àti òun ń gbé, ó sì wà lára àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ náà fún àwọn èèyàn ní Camberwell.

"Aunty Àsúmáù, ẹ lọ," ó ní. "Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ń wá bá wa. Wọ́n ń gbà á, wọ́n ń lọ sílé wọn, wọ́n ń ṣínu nírọ̀lẹ́. Kò sí nǹkan kan."

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ tán sí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n ń dúró kí n sọ nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá ti mọ̀ sí aláwàdà, tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń ṣàìsàn.

"Ìyá Ìjọba!" ni mo pariwo. "Abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán? Èèyàn ń gba ẹnu jẹun, ìwọ fẹ́ gba apá! Magdalene, jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń bu ata sí i?"

Adébánjí di ìdí òṣùwọ̀n mú, ẹ̀rín fẹ́ gbé e ṣubú. Àsúmáù náà rẹ́rìn-ín, mo rí i ní ojú rẹ̀ lókè ìbòmú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ẹ̀rín náà sì ti tán.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi eré sílẹ̀. Ẹ ti lé ní àádọ́rin. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti gbà á?"

"Èmi kẹ̀? Ṣé ẹran Iléyá ni mí, tí wọ́n á gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó dá a dúbúlẹ̀?"

Ẹ̀rín tún sọ. Magdalene nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Uncle Kàbírù, ẹ̀fẹ̀ yín yìí máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan." Ó sanwó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Àsúmáù tẹ fóònù. "Ó di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀," ó ní. "Èmi àti Bàbá á jọ lọ. Ẹ ó dì mí lọ́wọ́ mú."

Ọdún ìtúnu dé, ó kọjá. Ó tún gba ọjọ́ míràn, ní àárín oṣù Kẹfà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo ní kó máa lọ, pé mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ náà, ilé iṣẹ́ pè é: ẹni tó yẹ kó lọ sí East Dulwich kò lè lọ, kó tètè máa lọ. Ó ní abẹ́rẹ́ ni òun ń lọ gbà. Wọ́n ní kò burú, àwọn á pe ẹlòmíràn, àwọn á sì rántí. Àwọn á rántí! Ẹ gbọ́ àwọn tí kò rántí orúkọ rẹ̀ lónìí. Àsúmáù mọ ohun tí wọ́n ń sọ: tí o bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní pè ọ́ mọ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí East Dulwich.

Nígbà tó di oṣù Keje, gbogbo ìlú ń bá ara rẹ̀ jà. Ìdajì Peckham ní kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, pé ó ti pẹ́ jù. Ìdajì ní kí wọ́n má tíì ṣí i, pé ó ti yá jù. Ìdajì tó ní kí wọ́n ṣí i àti ìdajì tó ní kí wọ́n tì í wọ bọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n ń mí sí ara wọn. Ìjọba wá yan ọjọ́ Àtìnì kan, wọ́n pè é ní ọjọ́ òmìnira, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, òfin ti tán. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an. Mo dúró ní Rye Lane lọ́jọ́ Àtìnì yẹn. Oòrùn ń ràn, àwọn èèyàn ń gbá ara wọn mọ́ra, ìbòmú ti di ìdọ̀tí lójú títì, atẹ́gùn ń gbé wọn fò ní ẹsẹ̀ wa bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ohun kan fà mí lẹ́yìn ọrùn. Ṣé ẹnikẹ́ni ti kọ lẹ́tà sí àrùn náà pé ó ti di ọjọ́ òmìnira?

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ọmọ bàbá Òyìnbó ṣe ọjọ́ ìbí fún un. Èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n nínú pálọ̀ kan, fèrèsé ní títì. Àsúmáù ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí fèrèsé. Wọ́n ní òtútù á mú bàbá. Nínú oṣù Keje! Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lo ìbòmú tí wọ́n bá fẹ́ súnmọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "It's over, love." Wọ́n kọrin, wọ́n fẹ́ àbẹ́là.

Ní Àlàrùbá tó tẹ̀ lé e, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, mi ò lè pa á rẹ́, mi ò sì lè tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́ ọ. "Bàbá, ẹ ò ní gbà gbọ́. Mò ń dín ata, mi ò gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo ti ki imú bọ inú ìkòkò." Ó wúkọ́. "Ikọ́ lásán ni o, ẹ má bẹ̀rù." Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wá èémí bí ẹni tó gun òkè, bẹ́ẹ̀ ó jókòó ni.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì Camberwell ṣe é bí ọmọ ìyá wọn, kí n má purọ́ mọ́ wọn. Bàbá Òyìnbó náà ṣàìsàn fún ọjọ́ méjì, ara rẹ̀ sì yá. Ó ti gba abẹ́rẹ́ méjèèjì. Mo gbọ́ pé ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Àsúmáù pé, "Ẹ kú iṣẹ́ dà?" Òun nìkan ló béèrè rẹ̀. Nínú gbogbo ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló rántí.

Lẹ́yìn ọjọ́ òkúta yẹn, Hameedah kọ̀wé sí ilé iṣẹ́. Kò béèrè ju ohun kan lọ: kí wọ́n gbẹ́ orúkọ ìyá òun síbẹ̀. Èsì dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kẹ́dùn, bí wọ́n ṣe máa ń kẹ́dùn. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn, ìyá rẹ̀ kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí náà ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ wo? Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí i: ṣé o ti gbà á? Ó kọ ọ́ pé kò tíì. Ẹnì kan nínú ọ́fíìsì kan, bóyá ebi oúnjẹ ọ̀sán ń pa á, fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ "ó kọ̀" sí. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn èèyàn yìí. Nígbà tó ń wá lẹ́tà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń kún fọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n ń lé e, òṣìṣẹ́ wọn ni. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta, ó tún di ọ̀gá ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni èèyàn kan lè wà kó má sì sí?

Hameedah gbé lẹ́tà náà wá bá mi. Ó jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ kò jókòó sí rí nítorí òfin mítà méjì.

"Daddy, gbogbo èèyàn ń sọ pé Mummy mi was anti-vax. Kódà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Gbogbo ẹ̀. I'll send it to them."

Mo ṣèlérí. Nígbà tí mo lọ ra bíírò ní ṣọ́ọ̀bù Adébánjí, lẹ́tà abẹ́rẹ́ ti ọdún yìí ti dé ọwọ́ àwa arúgbó, a sì ń fi wọ́n han ara wa. Ọ̀dọ́kùnrin méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní, "Baba, that thing's finished, man. Ẹ ju paper yẹn nù." Ìkejì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́ dípò rẹ̀. Ikọ́ náà pẹ́ díẹ̀. Adébánjí dá ọwọ́ dúró lórí òṣùwọ̀n. "Ikọ́ lásán ni o," ọmọ náà ní. Bóyá ikọ́ lásán ni. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí.

Nítorí náà mò ń béèrè, ní gbangba, kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí sì bá mi béèrè. Kí wọ́n gbẹ́ orúkọ Àsúmáù sára òkúta yẹn, sókè orúkọ ajá. Kí ẹni tó fi ìwé ìlénilẹ́nuṣẹ́ ránṣẹ́ sí òkú wá jókòó síwájú Hameedah, kó ka ìwé náà sókè fún un. Kí ẹni tó sọ "kò tíì" di "ó kọ̀" sọ orúkọ ara rẹ̀. Kí àwọn tó yan ọjọ́ òmìnira fún wa sọ iye àwọn tó ń wọ ilé arúgbó láìní lẹ́tà, láìní abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n tú òfin ká. Wọn ò kà wọ́n ni, àbí wọ́n kà wọ́n tí wọ́n sì pa ìwé náà mọ́?

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kan wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Hameedah ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, ó sì ku ohun kan tí mi ò tíì kọ.

Mo ti gba abẹ́rẹ́ náà. Nígbà tí Àsúmáù bi mí nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti gba ti àkọ́kọ́, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, lọ́wọ́ Magdalene. Ìdí nìyẹn tó fi wò mí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti sọ. Èmi ni mo lè sọ ọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

Mo gba ìkejì ní ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹrin, ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn Àlàmísì tó yẹ kí Àsúmáù gba tirẹ̀. Mo wà nínú ààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n na apá kan. Mo na ọ̀tún, torí pé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, apá náà kò ṣeé gbé. Àsúmáù kan ilẹ̀kùn, ó mú fláàsìkì búlúù dání. Mo ṣílẹ̀kùn kó tó gbé e sílẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì gbà á.

"Háà, Bàbá, òsì kẹ̀? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Mo ní mo sùn lé ọwọ́ ọ̀tún ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná jó o." Ó lọ.

Mo ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àkókò tó, mo mu ògì náà, mo jẹ àkàrà náà. Ààwẹ̀ mi kò bàjẹ́.